Báǹkì Méjì, Alájì Kan, Oko Kajú Kan

Kò sí ọmọkùnrin tó mọ báǹkì tó mi ní gbogbo Bantè. Mo lè sọ ohun tí wọ́n máa kọ sínú lẹ́tà kí wọ́n tó gbé bírò. Mo mọ ohùn tí wọ́n fi ń bẹ èèyàn, mo mọ èyí tí wọ́n fi ń halẹ̀. Tí ẹ bá wá bi mí pé iléèwé wo ni mo ti kọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: gbèsè ni. Ẹni tí ajá ti bù jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣé ẹ máa ní kò mọ ajá ni?

Iléèwé gidi, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ti pínyà tipẹ́. Mo jókòó ṣe ìdánwò BEPC lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kìíní, mo fìdí rẹmi. Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò tiẹ̀ tíì dìde níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò wa pe ìyá mi, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín ní ọpọlọ o. Kò kàn tíì lò ó ni. Tuntun ló ṣì wà." Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rò pé ó ń yìn mí ni.

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn, mo ní òwò ni mo fẹ́ ṣe.

Ìyá mi ń ṣe gàrí lẹ́yìn ọjà. Kò sí ìgbà tí èéfín kì í sí lára aṣọ ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún un kó tó kú ni oko kajú kan ní Agoua, lẹ́bàá igbó ìjọba. Bàbá mi gbìn ín tán, ó tọ́jú ẹ̀ títí ó fi so, ó sì kú láì tíì jẹun tó pọ̀ nídìí ẹ̀. Ìyá mi máa ń pe oko yẹn ní "ọkọ mi tó ṣẹ́kù." Òun ló ra páànù orí ilé wa. Òun ló ń rán àwọn àbúrò mi obìnrin lọ síléèwé. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, ìyá mi á máa rìn bí ẹni tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdálẹ̀ dé.

Oko yìí ni èmi ọlọ́pọlọ tuntun gbé fún ẹlòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ ni alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kẹ́rù, èyí tí àwa ń pè ní tirisíkù. Mo rí àwọn tó ń fi í kó àpò kajú láti Agoua wá sí Bantè, mo rí bí wọ́n ṣe ń na owó, mo ní kí ló dé tí kì í ṣe èmi. Báǹkì kan ní Savalou ní àwọn á yá mi lówó ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú owó díẹ̀ wá tèmi, kí ìyá mi sì dúró fún mi. Ìyá mi dúró. Owó díẹ̀ yẹn ni kò sí.

Mo wá jókòó ti ìyá mi nídìí agbada gàrí lójoojúmọ́. "Ìyá, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kajú ọdún kan ṣoṣo. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, màá ti gba oko padà fún yín." Mo sọ ọ́ títí ó fi sú u. Mo mọ̀ ọ́n sọ. Ká ní wọ́n ń ṣe BEPC ní ẹ̀bẹ̀, èmi ni ǹ bá ṣe ipò kìíní.

Ó mú mi lọ bá Alájì. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, ó ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù lójú ọ̀nà ọjà, ó sì máa ń ra kajú lásìkò ẹ̀. A fi oko náà dógò lọ́wọ́ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa kò le: ẹ pe àgbà méjì, ẹ jẹ obì, olówó á ka owó lé ẹni tó loko lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, olówó ló ń ṣa èso. Owó náà kò lélé, kò sì lọ́jọ́. Ọjọ́ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ dá a padà, lódindi, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀, kí igi tó yọ òdòdó, kí ẹ sì gba oko yín. Tí ẹ ò bá tíì dá a padà, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣa á. Bí ọdún bá gorí ọdún, kò sí ẹni tó máa bi í.

Ẹ wo bó ṣe dùn létí. Kò lélé. Kò lọ́jọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́, mo tiẹ̀ jẹ obì tèmi ní àjẹpọ́nnulá.

Mo gba tirisíkù. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa: Ọ̀GÁ Ń BỌ̀. Òótọ́ ni, ọ̀gá ń bọ̀. Kò kàn dé ni. Lásìkò òjò àkọ́kọ́, ọ̀nà Agoua di ẹrẹ̀, odò kékeré kan sì kún kọjá afárá. Àwọn tó gbọ́n dúró ní òdìkejì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Èmi wakọ̀ wọ̀ ọ́, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin kan ń wò. Ẹ̀rọ náà mu omi títí ó fi yó. Àwọn ọmọbìnrin yẹn náà ló bá mi tì í jáde.

Owó àtúnṣe jẹ owó oṣù yẹn, ó jẹ tèyí tó tẹ̀ lé e. Báǹkì ń pè. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo ọlọ́gbọ́n máa ń ṣe: mo lọ yáwó nílé owó kékeré kan nínú ọjà Bantè, mo fi san ti Savalou. Ẹni tó fi àgbàdo tó jí ní oko àríwá san gbèsè oko gúúsù, olè méjì ló jà. Nígbà tó yá, ti Savalou tún ṣẹ́kù, ti Bantè tún ń lé. Báǹkì Savalou wá gbé tirisíkù náà lọ. Ó dáa. Mo ní ó ti parí nìyẹn, ẹ̀yin ẹ ti gba ohun yín. Mo gba mẹ́sáàjì lórí fóònù: wọ́n ti tà á, owó tí wọ́n rí kò tó, gbèsè ṣì kù lọ́rùn mi.

Ẹ bá mi bínú. Ẹ gba adìyẹ lọ́wọ́ mi, ẹ pa á, ẹ jẹ ẹ́, ẹ tún ní kí n san owó iyọ̀. Wọ́n tà á ní ìdajì owó. Mo mọ ẹni tó rà á. Mo rí i ní Djaloukou, ó kó àpò iṣu sínú ẹ̀, ó ń fọ́nnu kiri. Wọn ò tiẹ̀ pa ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ rẹ́. Èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn, mo ń wo Ọ̀GÁ Ń BỌ̀ tó ń lọ.

Ti Bantè ló burú jù. Wọ́n ní àjáǹ kan tó ń bá wọn sin gbèsè, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó máa ń gun alùpùpù wá sílé wa ní ọjọ́ ọjà, ìgbà tí àwọn oníbàárà ìyá mi bá pé. Kì í wá lọ́jọ́ tí ilé bá dá. Á béèrè omi, á jókòó sórí àga, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn àwọn oníwàásù sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe gbọ́ alùpùpù ẹ̀, mo kó sẹ́yìn àpò ẹ̀gẹ́.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú èéfín. Ọ̀gá wa ńkọ́?"

Ìyá mi ń yan gàrí lọ. Bóyá ibẹ̀ ni ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n èéfín rìn wọ̀ mí nímú, mo sín. Mo sín lẹ́ẹ̀kan, mo gbìyànjú láti gbé ìkejì mì, ó sì jáde bí ti ewúrẹ́.

"Há! Ẹ̀gbọ́n!" Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí, kí ó lè dùn mí dáadáa. "Ṣé ibẹ̀ yẹn lẹ kó ọ́fíìsì yín lọ?"

"Mò ń ka àpò ẹ̀gẹ́ ni."

"Ẹ kà á dáadáa o. Èyí tó bá lé, ẹ fi kún tiwa."

Àwọn obìnrin tó fẹ́ ra gàrí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ má pa á lẹ́rìn-ín mọ́ o, ẹ jẹ́ kó sín tán." Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wọn gàrí sínú ọ̀rá, ó fún àjáǹ náà. Lọ́fẹ̀ẹ́! Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tí ìwé wọn máa fi dé, ẹ ò ní gbà á gbọ́: wọ́n ti fi owó bẹntiróòlù alùpùpù ẹ̀ kún gbèsè mi. Mò ń sanwó ọkọ̀ fún ẹni tó ń wá bú mi.

Ìgbà tí lẹ́tà tó pọ́n létí dé láti Savalou ni ẹ̀rín kúrò ní gbogbo ẹ̀. Ó ní tí mi ò bá wá kí á jọ sọ ọ́, uísíyé máa wá. Uísíyé ni ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti wọlé onígbèsè kó ẹrù jáde. Ilé ta ni ó máa wọ̀? Èmi ò nílé. Ìyá mi ló dúró fún mi.

Mo gun ọkọ̀ lọ sí Savalou. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà báǹkì fi èdè Mahi kí mi, mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn, nítorí ẹ̀rín ni Mahi tí mo gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní kí n wọlé sí yàrá kan tí ẹ̀rọ òtútù ti ń pariwo. Ta ni mo bá nídìí tábìlì? Ọmọbìnrin tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà níléèwé. Bàbá ẹ̀ jẹ́ ará Savalou tó wá ṣe olùkọ́ ní iléèwé àwọn fadá lọ́dọ̀ wa. Ìwé ẹ̀ ni mo máa ń wò kọ. Ó ti wọ gíláàsì báyìí. Ó fi Faransé bá mi sọ̀rọ̀, ó sì ń pe èmi nìkan ní "ẹ̀yin", bí ẹni pé a ò jọ jẹ ìrẹsì nínú abọ́ kan rí. Mo fẹ́ sọ pé, "Ṣé ìwọ nìyí?" Ó yọjú wò mí lókè gíláàsì, ọ̀rọ̀ náà sì padà wọnú ikùn mi.

Kí n má purọ́, ohun tó sọ dáa. Ó ní à ń ṣe àdéhùn. Gbogbo àwọn tí mo jẹ máa jókòó pọ̀, a máa da gbèsè gbogbo pọ̀ sínú ìwé kan, owó ìtanràn á dúró, màá máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, màá sì san èyí tó pọ̀ lásìkò kajú. Uísíyé ò ní wá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi ibi tí owó yóò ti wá hàn.

"Kí lẹ ní?"

"Oko kajú ìyá mi, ní Agoua."

"Ṣé ẹlòmíràn lẹ́tọ̀ọ́ lórí ẹ̀?"

Ibí yìí ni ọgbọ́n mi ti gùn mí bí ẹṣin. Alájì ti ṣa kajú yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Mo máa ń rí àpò náà bó ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo máa ń fi ojú kà á bí ẹni tí ebi ń pa. Èso ọdún méjì ti ju owó tó yá wa lọ, ọdún kẹta sì jẹ́ èrè lórí èrè. Síbẹ̀ owó ẹ̀ ṣì wà lódindi lọ́rùn wa bí ọjọ́ tó kà á. Inú ti ń bí mi tipẹ́. Mo ní jẹ́ kí báǹkì bá mi mú un. Jẹ́ kí wọ́n ní kó gba owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àwọn yòókù, kó sì tú oko sílẹ̀.

Mo ní, "Alájì kan wà ní Bantè. Mo jẹ òun náà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Báǹkì sì rán ìwé ìpè sí i, pẹ̀lú òǹtẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe olè.

Ẹni tó bá gbé lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ fi oko dógò lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn àgbà lẹ fi ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ kì í ránṣẹ́ sí i. Mo mọ̀. Mo kàn ronú pé báǹkì ju àgbà lọ ni.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Àjáǹ onírùngbọ̀n ti Bantè ti jókòó, ó ṣẹ́jú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sín lónìí?" Alájì wọlé nígbà tí gbogbo wa ti jókòó tán. Ó wọ funfun látòkè délẹ̀, ìwé ìpè náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi ìka méjì mú un bí ẹni mú eku tó ti kú. Kò wò mí. Mo kí i, "Bàbá, ẹ káàárọ̀." Ó dá ògiri lóhùn.

Ọmọbìnrin náà fi ọ̀wọ̀ kí i, ó wá fi èdè wa bi í, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni ọmọkùnrin yìí jẹ yín? Èlé yín ńkọ́, èló ni lóṣù?"

Ó yẹ kí ẹ rí ojú Alájì nígbà tó gbọ́ èlé. Ó dìde. Ó tún jókòó. Ó tún dìde.

"Èlé? Èmi?" Ó nawọ́ sí àjáǹ. "Ẹ gbé mi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí, ẹ ń bi mí ní èlé? Èmi tí mo lọ sí Mẹ́kà tí mo bọ̀?"

Àjáǹ ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe báyìí?"

"Ìwọ dákẹ́. Ta ló kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

Mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n dára, ẹsẹ̀ mi, mi ò tíì wò wọ́n báyẹn rí.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ọmọbìnrin náà wí. "Òun ló ní òun jẹ yín."

"Irọ́ ni. Kò jẹ mí ní fráǹkì kan. Ẹ pa orúkọ mi rẹ́."

"Ṣé ó dá yín lójú? Nítorí màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò jẹ yín ohunkóhun o."

"Kọ ọ́! Kọ ọ́ gàdàgbà!"

Ọmọbìnrin yìí, ọmọ olùkọ́ Savalou, ó mọ gbogbo ìwé ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi oko kan dógò rí nílé wọn. Ohun tó gbọ́ ni pé gbèsè ò sí. Ohun tí Alájì wí ni pé kí wọ́n yọ òun kúrò láàrin àwọn tó ń gba èlé. Nínú gbogbo yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ní kíláàsì, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ nà mí títí, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ó nílẹ̀kùn. Mo tì í gbọn-in.

Ó tẹ̀wé. Ó kà á. Alájì tọwọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá, ó gbọn aṣọ ẹ̀, ó jáde. Ó ti di pé oko Agoua kò lẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ lórí ẹ̀. Wọ́n kó gbogbo kajú ọdún tó ń bọ̀ sínú àdéhùn, ọdún kan tẹ̀ lé èkejì, owó tó pọ̀ lásìkò kajú, owó díẹ̀ lóṣooṣù. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo kọ orúkọ mi tẹwàtẹwà, pẹ̀lú ìrù lẹ́yìn ẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì ń san owó náà, pẹ̀lú sẹmíjáǹ onísẹmíjáǹ, alùpùpù akérò tí mò ń gùn káàkiri Bantè, mò ń gbé àwọn èèyàn lọ sí abúlé fún owó tí kò tó ra ọṣẹ.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo fò wọ ọkọ̀ bí ẹni tó yege ní BEPC, BAC, àti yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dé bá ìyá mi nídìí iná.

"Ìyá, ó ti tán! Alájì ní a ò jẹ òun mọ́."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró. "Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́, ó tọwọ́ bọ̀wé, ìwé ẹ̀ rèé."

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ oko?"

"Ìyá, gbèsè ò sí, oko ti dé nìyẹn! Kí ló tún kù?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí. Mo ní ìyá mi ò mọ̀wé ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Èmi.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Kajú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ra àpò, mo yá alùpùpù, mo kọrí sí Agoua ní òwúrọ̀, eruku ń gbè mí lẹ́yìn. Kí n tó dé, mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin nínú oko. Mo ní àwọn olè ni. Mo ké láti ọ̀nà jínjìn, "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Àwọn obìnrin bíi mẹ́fà gbójú sókè, wọ́n ń ṣa kajú lọ ní tiwọn, apẹ̀rẹ̀ wọn ti kún. Àgbà kan nínú wọn ní, "Alájì ló rán wa. Ìwọ ńkọ́?"

"Oko bàbá mi nìyí!"

"A mọ̀. Bàbá ẹ, èèyàn dáadáa ni. Alájì ló ń ṣa á."

Mo fa ìwé yọ. Mo ka Faransé náà fún wọn, láàrin oko, pẹ̀lú ohùn gooro. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo kà á tán, ìyá àgbà náà ní, "Ó dùn o. Ó jọ orin." Ọ̀kan tó kéré sí i ní, "Tún ibi tó ní òǹtẹ̀ yẹn kà fún wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀.

Inú bí mi dé ibi tí mi ò mọ̀ pé inú ń dé. Mo já apẹ̀rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà náà, ó dànù, kajú fọ́n ká sínú ewé gbígbẹ. Ẹ̀rín tán. Wọ́n dìde, wọ́n yí mi ká.

Ìyá àgbà ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ òòjọ́ mi lo dà nù yẹn. Ṣa á."

Mo ṣa á. Mo kúnlẹ̀ nídìí igi tí bàbá mi gbìn, mo ń ṣa kajú bàbá mi fún Alájì, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tiẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ júwe èyí tí mi ò rí.

Mi ò lọ sílé. Mo wa alùpùpù náà tààrà sí ṣọ́ọ̀bù Alájì, gbogbo ara mi pupa bí ilẹ̀. Ẹnì kan ti fi fóònù pe ìyá mi láti Agoua. Ó ti ṣáájú mi débẹ̀, ó jókòó sórí àga kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì, gàrí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ níwájú báǹkì pé mi ò jẹ yín!"

"Mo sọ ọ́," ni Alájì wí. "O ò jẹ mí."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń ṣa kajú wa?"

"Ṣé ìwọ ni mo kówó fún ni?" Ó yí sí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. "Fún un lómi. Ó ti jẹ eruku."

Omi yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ. Mo fẹ́ kó bú mi. Mo fẹ́ kó ní èlé lòun ń gbà, kó sọ ọ́ síta, bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ti ṣa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé! Báǹkì ń gba èlé, wọ́n ń pè é ní èlé. Ẹ̀yin náà ń gba èlé, ẹ ń pè é ní kajú!"

Àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Alájì kò bínú. Ó nu ojú ẹ̀ pẹ̀lú ìnujú.

"Nígbà tí ò ń bẹ̀ mí, ṣé o ò mọ̀ pé igi máa ń so?"

"Màá lọ sí kóòtù ní Savalou!"

"Lọ. Mú ìwé ẹ dání. Ìwé ẹ á ní o ò jẹ mí. Èmi náà á dé, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò jẹ mí. Kí adájọ́ wá sọ èyí tó kù."

Mo yíjú sí ìyá mi. Tirẹ̀ ni mò ń jà fún. Òun ló loko, òun ni wọ́n ka owó lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ẹ̀, gbogbo èrò tó dúró yẹn á gbà á gbọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi sọ ọ́! Ẹ sọ fún un pé a ti san án! Kajú ọdún mẹ́ta, ṣé kì í ṣe owó ni? Ẹ sọ ọ́!"

Ojú gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀.

Alájì tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń bá ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìyàwó wa, owó tí mo kà lé yín lọ́wọ́, ṣé ó ti padà?"

Ìyá mi gbọn gàrí kúrò lára ìró ẹ̀.

"Kò tíì padà, Alájì."